Oògùn fífín fún awò ìlúwẹ̀ẹ́ tó ń di bàìbàì: ta ló yẹ kó rà á?

Speedo, TYR àti Zoggs wà lára àwọn tó ń ta oògùn inú ìgò kékeré tí wọ́n ń fín sínú awò ìlúwẹ̀ẹ́ kí kúrukùru má baà bò ó. Yálà èyí tí à ń fín ni o, tàbí èyí tó ní kànìnkànìn lẹ́nu tí à ń fi pa á, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe, wọ́n sì ń ṣe é dáadáa. Àmọ́ ọ̀pọ̀ ló ń rà á nígbà tí wọn kò tíì nílò rẹ̀. Àwọn mìíràn ń fín in sórí awò tó dọ̀tí, wọ́n á wá ní oògùn ni kò dáa.

Awọ ara tó yí ojú ká máa ń gbóná ju 30 °C lọ, bẹ́ẹ̀ sì rèé, àárín 25 sí 28 °C ni òfin fi omi adágún ìdíje sí. Afẹ́fẹ́ tó há sínú awò kún fún ọ̀rinrin láti ara ẹyinjú àti òógùn. Bó bá ti kan ojú awò tí omi ti mú tutù, á di ẹ̀kán wínníwínní, bí ara ìgò omi tútù ṣe máa ń làágùn. Àwọn ẹ̀kán yìí ló ń tú ìmọ́lẹ̀ ká tí a kì í fi í ríran. Oògùn náà kì í lé ọ̀rinrin lọ o. Ohun tó ń ṣe ni pé kì í jẹ́ kí omi ṣù jọ: omi á tẹ́ pẹrẹsẹ sójú awò, ìmọ́lẹ̀ á sì gba inú rẹ̀ kọjá geere.

Èyí tó pọ̀ jù nínú awò tuntun ni ilé iṣẹ́ ti fi ohun kan tó ń tẹ́ omi pẹrẹsẹ báyìí kùn nínú. Ó tín-ín-rín débi pé ìka ọwọ́ lè ha á kúrò. Tó bá ṣì wà níbẹ̀, omi lásán tó láti fi ṣan inú awò. Owó ìgò oògùn, ẹ fi í sápò. Ẹni tó bá ń fi àtàǹpàkò nu inú awò rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó bá di bàìbàì, òun fúnra rẹ̀ ló ń bó o, awò náà á sì túbọ̀ máa yára di bàìbàì. Kilorínì, ìyẹn kẹ́míkà tí wọ́n ń dà sínú omi adágún, àti ìpara tí a fi ń dènà oòrùn náà ń bà á jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ẹ da omi díẹ̀ sínú awò kí ẹ sì dà á nù. Bí omi bá tẹ́ bo ojú rẹ̀, ohun tí ilé iṣẹ́ fi kùn ún kò tíì lọ. Bó bá ṣù jọ ní ẹ̀kán-ẹ̀kán, ó ti lọ nìyẹn, ìgbà yẹn ni oògùn tó ó rà.

Kí ẹ tó fín in, ẹ fi omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ fọ inú awò; bí òróró ìpara bá ti lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ fi ṣampú ọmọ ọwọ́ díẹ̀ sí i. Ẹ gbọ̀n ọ́n, kó gbẹ dáadáa, torí lórí awò tó ṣì tutù, oògùn á ti ṣàn lọ kó tó dì mọ́ ọn. Ẹ fín in lẹ́ẹ̀kan sí ojú kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wá máa yí awò náà síhìn-ín sọ́hùn-ún títí yóò fi dé etí rọ́bà. Ẹ má fi ìka ra á. Lẹ́yìn nǹkan bí ìṣẹ́jú kan, ẹ rì í bọ omi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ tú omi náà dànù, kí ẹ sì wọ̀ ọ́. (Àwọn oògùn mìíràn gbọ́dọ̀ gbẹ tán ná, ohun tí wọ́n kọ sára ìgò ni kí ẹ tẹ̀ lé.) Bí ẹ bá ṣàn án ju bó ṣe yẹ lọ, kò sí oògùn mọ́. Bí ẹ kò bá sì ṣàn án rárá, ojú á máa ta yín, á pọ́n, á máa ṣomi.

Ìlúwẹ̀ẹ́ kan ni kí ẹ máa retí pé oògùn náà máa gbé yín dé. Bí omi bá ń jò wọ inú awò, kò ní pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Fún awò ìdíje tí ojú rẹ̀ kéré, èyí tó ní kànìnkànìn ló sàn jù, torí èyí tí à ń fín máa ń fi oògùn ṣòfò sára okùn. Kí ẹ sáà rí i pé iyanrìn kò sí lára kànìnkànìn náà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á ha ojú awò.

Ká sòótọ́, ṣampú ọmọ ọwọ́ sún mọ́ oògùn yìí gan-an. Ẹ da ẹ̀kán kan pọ̀ mọ́ ṣíbí omi kan, ẹ yí i káàkiri inú awò, ẹ ṣàn án wéré. Itọ́ náà ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kì í pẹ́, kò sì mọ́. Ọṣẹ ìfọyín ni kí ẹ jìnnà sí: èròjà tó ń ha eyín nínú rẹ̀ á ha awò oníke. Ọṣẹ ìfọbọ́ le jù fún ẹyinjú.

Ohun tí ìgò kankan kò lè tún ṣe ni kí ènìyàn máa gbé awò lé iwájú orí láàárín ìlúwẹ̀ẹ́. Ooru àti òógùn ibẹ̀ á kún inú rẹ̀ kó tó padà sójú. Ẹ fi omi adágún bọ́jú kí ara ojú tutù, kí ẹ rì awò bọ omi, kí ẹ tó dè é. Lẹ́yìn ìlúwẹ̀ẹ́, omi tútù tó mọ́ ni kí ẹ fi ṣàn án, kó gbẹ níbi tí oòrùn kò ti pa á, kó tó wọ àpò rẹ̀. Nǹkan funfun tó ń hù létí rọ́bà, àpò tí wọ́n dì pa nígbà tí awò ṣì tutù ló fà á.

Bí awò bá ṣì bàìbàì nígbà tó gbẹ táútáú, tí ẹ sì ti fọ̀ ọ́, kì í ṣe kúrukùru nìyẹn. Ó ti ha ni. Ẹ ra òmíràn.