Káábọ̀n pupa ọ̀nà Arákàlé: ti sítátà ni, kì í ṣe ti grinder

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń lo grinder tí wọ́n fi ń gé irin ní Àkúrẹ́, ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀ lórí káábọ̀n (èyí tó ń gbé iná wọ ibi tó ń yí nínú ẹ̀rọ) tó pọ́n bíi bàbà yẹn tí wọ́n ń tà lọ́nà Arákàlé. Wọ́n á ní òun ló le jù, pé bàbà wà nínú ẹ̀. Bàbà wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ọmọ iṣẹ́ mi kan ló fi sínú grinder, ẹ wá wo orí armature (ibi bàbà tí káábọ̀n ń fara kàn lára èyí tó ń yí nínú ẹ̀rọ), ó ti ha gègègè.

Ṣẹ́ ẹ rí i, sítátà mọ́tò kékeré ò lò ju 12 volt, àmọ́ tẹ́ ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́ pẹ́nrẹ́n, iná tó ń fà lè ju 100 ampere lọ, káábọ̀n dúdú lásán ò lè gbé ìyẹn kó má gbóná janjan, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi po bàbà mọ́ ọn, kò sì pẹ́ tó fi ń sinmi. Grinder kékeré ò ní fà tó 5 ampere lórí 230 volt, àmọ́ díìsì ẹ̀ lè yí tó 11,000 ìgbà ní ìṣẹ́jú kan, a sì lè fi gé irin gẹ́ètì títí ilẹ̀ á fi ṣú. Yíyọ̀ lòun ń fẹ́. Gíráfáìtì inú káábọ̀n dúdú ló ń fi nǹkan fẹ́lẹ́ kan pa orí armature lára (ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fi sáńpépà ha á kúrò, kì í ṣe ìdọ̀tí o). Tí bàbà bá ti pọ̀ jù, bàbà á máa ha bàbà, iná á máa ta pàràpàrà, iná tó ń ta yẹn ló sì máa ń jẹ káábọ̀n jù.

Ṣọ́ọ̀bù yẹn náà dáa o, wọ́n fi irin ìwọ̀n wọn èyí tí mo mú lọ, wọn ò fojú díwọ̀n, àmọ́ wọn ò bi mí pé ẹ̀rọ wo ni. Mo fi pupa sí sítátà tasí ẹ̀gbọ́n mi, kò sí wàhálà kankan. Dúdú ni mo fi sí grinder, mo sáńpépà ẹnu káábọ̀n náà kó lè bá orí armature mu. Sípíríǹgì tó bá a wá ló rọ̀ jù, iná ń ta, mo dá ti tẹ́lẹ̀ padà, ó dákẹ́. Sípíríǹgì tó le jù náà ò dáa, á kàn máa tètè jẹ káábọ̀n ni.

Sítátà, 5 nínú 5. Grinder, 1. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ fẹnu yín béèrè dúdú, ẹ̀yìn káńtà ni wọ́n ń kó o sí.