Ìkìlọ̀: agboòrùn aṣọ ni ọkùnrin yìí ń tà ní orúkọ agboòrùn bébà olóróró

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ wà ní Guangzhou, àti ẹ̀yin tí ẹ ń ránṣẹ́ ra ẹ̀bùn láti Ṣáínà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá owó yín dúró ná. Oníṣòwò kan ń wọ inú àwọn gúrúùpù wa lórí WeChat, áàpù tí àwọn ará Ṣáínà fi ń bára wọn sọ̀rọ̀ tí wọ́n sì fi ń sanwó, ó ń sọ pé agboòrùn bébà olóróró láti Fenshui, ìlú kékeré kan lábẹ́ Luzhou ní Sichuan, lòun ń tà, àfọwọ́ṣe pọ́ńbélé. Irọ́ ni. Agboòrùn aṣọ pọlísítà tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ òdòdó sí lára ló ń kó ránṣẹ́. Ó ti lu ẹ̀gbọ́n wa obìnrin kan ní jìbìtì, èmi fúnra mi sì ti fọwọ́ kan ọjà náà.

Ọmọ ọ̀gá ẹ̀gbọ́n wa yìí, ará Ṣáínà, ló ń ṣe ìgbéyàwó, ẹ̀gbọ́n sì fẹ́ fún ìyàwó ní ohun tó bá àṣà wọn mu. Láyé àtijọ́, agboòrùn bébà pupa ni alárinà máa ń ṣí sórí ìyàwó bó bá ti ń sọ̀ kalẹ̀ níwájú ilé ọkọ, kí ibi má bàa bá a wọlé. Àwọn Hakka, àwọn èèyàn kan ní gúúsù Ṣáínà, náà a máa fi méjì sínú ẹrù ìyàwó. Irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi ṣeré. 260 yúánì ni ọkùnrin náà gbà lórí ẹyọ kan, agboòrùn aṣọ tí wọ́n ń pè ní agboòrùn ijó, tí wọ́n ń tà ní nǹkan bí 30 yúánì, ló fi ránṣẹ́.

Mi ò bá agboòrùn ijó jà o. Àwọn oníjó ń lò ó, àwọn tó ń ya fọ́tò ń lò ó, ẹni tó bá sì fẹ́ fi ṣe yàrá lọ́ṣọ̀ọ́ lè rà á ní iye tó tọ́ sí i. Kí ẹnikẹ́ni má ṣáà pè é ní ohun tí kì í ṣe.

Ohun tó fi ń mú èèyàn ni fídíò àwọn àgbà oníṣẹ́ ọwọ́ ní Fenshui, pẹ̀lú àwòrán ìwé ẹ̀rí pé iṣẹ́ náà wọ ìwé àjogúnbá orílẹ̀-èdè Ṣáínà ní 2008. Òótọ́ ni ti 2008. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ ni ìjọba kọ sílẹ̀, kì í ṣe òun. Kò sí ẹni tí kò lè wa àwòrán yẹn sórí fóònù rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ojúlówó ṣe rí. Ọparun ni egungun rẹ̀. Wọ́n á la ìtì ọparun kan ṣoṣo sí wẹ́wẹ́, wọ́n á sì tò ó padà bó ṣe tẹ̀ léra, débi pé bí ẹ bá pa agboòrùn náà dé, àwọn egungun á para pọ̀ di ọparun lódidi, oríkèé á bá oríkèé mu. Ohun tí mo kọ́kọ́ wò nìyẹn. Ti ẹ̀gbọ́n rí ségesège: òmíràn nípọn, òmíràn fẹ́lẹ́, kò sí oríkèé kan tó bá èkejì dọ́gba. Bébà tí wọ́n fi èèpo igi ṣe ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́ egungun náà, wọ́n á wá fi òróró èso igi tung pa á, wọ́n á sì jẹ́ kó gbẹ. Òróró yìí ni kì í jẹ́ kí omi wọlé. Ní Fenshui, orí òkúta ni wọ́n ti ń tẹ àwòrán sí bébà, nítorí náà títẹ̀ nìkan kò sọ ọ́ di ayédèrú. Ohun tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí ni kí ẹ yẹ̀ wò.

Ẹ gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀: bébà olóróró á jẹ́ kí iná là á já, ẹ ó sì rí fọ́nrán èèpo igi nínú rẹ̀. Ẹ gbóòórùn rẹ̀. Òórùn òróró tung kì í fara sin. Ti ẹ̀gbọ́n, gúlúù ló ń rùn. Mo fi kámẹ́rà fóònù sún mọ́ ọn, mo rí híhun òwú kedere, etí rẹ̀ sì jẹ́ rírán.

Èyí tó burú jù ni pé ó ń sọ pé òun á kọ orúkọ ìyàwó àti ọkọ sí i lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ má gbà! Òfin Ṣáínà láti 2014 fún ẹni tó ra ọjà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ọjọ́ méje láti dá a padà láìsọ ìdí, ṣùgbọ́n ó yọ ọjà tí wọ́n dìídì ṣe fúnni sílẹ̀. Orúkọ tó kọ sí ti ẹ̀gbọ́n ló gbé sẹ́nu nígbà tí ẹ̀gbọ́n ní kó gba ẹrù rẹ̀ padà. Síbẹ̀ kò lè fi ìyẹn bo jìbìtì mọ́lẹ̀: òfin kan náà ní kí ẹni tó bá tan oníbàárà dá owó padà, kó sì san ìlọ́po mẹ́ta iye ọjà lé e, owó ìtánràn yẹn kò sì gbọdọ̀ dín sí 500 yúánì.

Ẹ má sanwó sí àpò rẹ̀ tààrà lórí WeChat. Bó bá jẹ́ orí Taobao, ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì ní Ṣáínà, ni, Alipay tí wọ́n fi ń sanwó níbẹ̀ á di owó mú títí ẹ ó fi jẹ́rìí pé ọjà dé. Ẹ ya fídíò bí ẹ bá ń tú ẹrù, ẹ tọ́jú páálí rẹ̀ àti gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹ jọ sọ. Ẹni tó ti kó sí i lọ́wọ́, kó pe 12315, nọ́ńbà tí àwọn oníbàárà fi ń fẹjọ́ sùn ní Ṣáínà, ẹ̀gbọ́n ti fi ẹjọ́ tiwọn sùn níbẹ̀. Ọkùnrin náà ti pààrọ̀ orúkọ àti fọ́tò rẹ̀ báyìí. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé fídíò Fenshui wá sí gúrúùpù yín, ẹ ní kó ṣí èyí tó fẹ́ tà lórí ìpè fídíò, kó da omi lé e lójú yín.