POP, IMAP àti Exchange: èwo ló yẹ ẹni tó ní kọ̀ǹpútà nílé àti lọ́fíìsì?

Ilé yín wà ní Modákẹ́kẹ́, ọ́fíìsì yín wà ní Mayfair ní Ilé-Ifẹ̀, àdírẹ́sì ímeèlì kan ṣoṣo sì ni ẹ ń lò. Lẹ́tà tí ẹ kà lọ́sàn-án, ẹ délé lálẹ́, ẹ ò rí i mọ́. Kì í ṣe olè. POP, IMAP àti Exchange jẹ́ ọ̀nà mẹ́ta tí kọ̀ǹpútà fi ń gba lẹ́tà ímeèlì. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé POP ni wọ́n tò sórí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì.

POP dà bí omi kànga: ẹni tó kọ́kọ́ dé ló pọn ún lọ. Ó ń kó lẹ́tà wọ inú kọ̀ǹpútà, á sì pa ti orí sáfà (kọ̀ǹpútà iléeṣẹ́ ímeèlì tó ń gba lẹ́tà fún yín) rẹ́. Ẹ lè ní kó fi ẹ̀dà sílẹ̀. Ọjọ́ 14 ni Outlook, áàpù ímeèlì Microsoft, máa ń fún un bí ẹ ò bá yí i padà. Síbẹ̀, lẹ́tà tí ẹ fi ránṣẹ́ láti ọ́fíìsì kò ní dé ilé láéláé, èyí tí ẹ sì ti kà yóò tún yọjú bíi tuntun. Kọ̀ǹpútà kan péré ló bá mu.

IMAP la máa yàn fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Orí sáfà ni lẹ́tà ń gbé, kọ̀ǹpútà méjèèjì kàn ń wo ibì kan náà ni. Ẹ ṣọ́ra o: ohun tí ẹ bá parẹ́ nílé ti parẹ́ lọ́fíìsì náà. Láti tò ó, ẹ lo pọ́ọ̀tì (nọ́ńbà ẹnu ọ̀nà tí lẹ́tà ń gbà) 993 pẹ̀lú SSL/TLS (ààbò tí kì í jẹ́ kí ẹlòmíì ka lẹ́tà lójú ọ̀nà) fún gbígbà. Fún fífiránṣẹ́, 465 pẹ̀lú SSL/TLS tàbí 587 pẹ̀lú STARTTLS, irú ààbò kan náà.

Bí àyè tí lẹ́tà yín máa ní lórí sáfà ṣe tó ni kí ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ ta ímeèlì fún yín. 15 GB ni ti Gmail ọ̀fẹ́, fọ́tò àti Drive yín sì ń jẹ nínú rẹ̀. Bí àpótí bá kún, lẹ́tà á padà sọ́dọ̀ ẹni tó kọ ọ́.

Dátà ńkọ́? Thunderbird, áàpù ímeèlì ọ̀fẹ́ kan, á fẹ́ kó gbogbo lẹ́tà wá. Àpótí 5 GB lórí kọ̀ǹpútà méjì, 10 GB nìyẹn! Nínú Account Settings rẹ̀, ẹ lọ sí Synchronization & Storage, kí ẹ ní kó mú ti ọjọ́ 30 tó kẹ́yìn nìkan.

Exchange ń ṣe gbogbo èyí, ó tún ń gbé kàlẹ́ńdà àti nọ́ńbà àwọn èèyàn, tí IMAP kì í gbé. Ó wà nínú Microsoft 365 Business Basic, owó oṣooṣù lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀gá àti akọ̀wé bá ń lo kàlẹ́ńdà kan náà, ó tó owó rẹ̀. Ẹni tó ń dá ṣiṣẹ́, kó má wulẹ̀ náwó.

Àwọn kan ń fi fláàṣì gbé fáìlì PST, èyí tí Outlook ń kó lẹ́tà sí, lọ gbé e bọ̀. Ẹ má dán an wò. Bí wọ́n bá múná lọ lágbedeméjì, fáìlì náà lè bàjẹ́, scanpst.exe, irinṣẹ́ tí Outlook fi ń tún un ṣe, kì í sì í rí gbogbo rẹ̀ tún ṣe.

Bí ẹ bá ń kúrò lórí POP, ẹ kọ́kọ́ dá a dúró lórí kọ̀ǹpútà méjèèjì, ṣùgbọ́n ẹ má tíì yọ ọ́. Ẹ fi IMAP kún un, ẹ wọ́ lẹ́tà àtijọ́ sínú rẹ̀ ní ọgọ́rùn-ún mélòó kan lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ rí i lórí kọ̀ǹpútà kejì kí ẹ tó yọ POP. Bí ẹ bá gbàgbé ọ̀kan tó ṣì ń ṣiṣẹ́, yóò máa kó lẹ́tà tuntun lọ, ẹ ó sì máa bú IMAP tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀.