Vietnam àti Gulf: ogun méjì lójú tẹlifíṣàn

Ní 1965, Morley Safer, oníròyìn iléeṣẹ́ tẹlifíṣàn CBS, fi han àwọn ará Amẹ́ríkà bí ọmọ ogun wọn ṣe fi láítà ti iná bọ òrùlé koríko ní Cam Ne, abúlé kan ní Vietnam. Ẹni tó jókòó sí pálọ̀ rẹ̀ rí i kedere.

Ìròyìn Ogun Gulf, tí Amẹ́ríkà bá Iraq jà ní 1991, yá ju ìyẹn lọ: CNN ń bá wọn sọ̀rọ̀ láti Baghdad bí bọ́ǹbù ṣe ń já lulẹ̀. Àmọ́ kí ni wọ́n rí? Ojú ọ̀run tó ń kọ mànà, bọ́ǹbù tó ń wọ ilé bí ẹni ń ta géèmù. Òkú kò wọ́pọ̀ níbẹ̀, àfi bíi ti Amiriyah, ibi ààbò ní Baghdad tí bọ́ǹbù Amẹ́ríkà ti pa ọ̀pọ̀ aráàlú. Ológun ló ń kó ọ̀pọ̀ oníròyìn kiri, àwọn náà ló ń yẹ ìròyìn wọn wò. Lójú tèmi, fíìmù Vietnam tó ń pẹ́ kó tó délé ló jọ ogun jù.