Ètò áḿbúláǹsì tó ń gbé aláìsàn rọpárọsẹ̀ kọjá ilé ìwòsàn ìtòsí ní London

Ilé ìwòsàn kan wà tí a lè fẹsẹ̀ rìn dé láti ilé wa ní gúúsù London, ṣùgbọ́n ní òwúrọ̀ tí ẹnu ìyá ọkọ mi ṣàdédé wọ́ sí apá kan, tí ahọ́n wọn sì wúwo, áḿbúláǹsì gbé wọn kọjá níwájú rẹ̀ láìdúró. Inú bí mi gidigidi. Nígbà tí mo wádìí bí ètò náà ṣe rí, mo gbà pé ohun tó tọ́ ni wọ́n ṣe, mo sì ń kọ èyí fún ẹ̀yin tí ẹ ní àgbàlagbà lọ́dọ̀ ní ìlú yìí.

Láti ọdún 2010 ni London ti ya ilé ìwòsàn 8 sọ́tọ̀ fún àwọn wákàtí àkọ́kọ́ rọpárọsẹ̀, King's College Hospital ní Denmark Hill àti St George's ní Tooting sì wà lára wọn. Tọ̀sán-tòru ni àwọn tó mọ iṣẹ́ náà dunjú máa ń wà níbẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń tètè ya àwòrán ọpọlọ, nítorí kò sí ẹni tó lè fi ojú lásán mọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ ló dì sínú iṣan ni tàbí iṣan ló bẹ́. Oògùn tó ń tú ẹ̀jẹ̀ dídì, èyí tí wọ́n sábà máa ń fúnni láàárín wákàtí mẹ́rin àti ààbọ̀, lè ṣekú pa ẹni tí iṣan ọpọlọ rẹ̀ bẹ́. Ní tèmi, ó sàn kí a pẹ́ díẹ̀ sí i lójú ọ̀nà ju kí a tètè dé ibi tí a ó ti máa retí ẹni tó lè ka àwòrán.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù ni pé London kò ṣa aláìsàn yàn. Nígbà tí Manchester tún ètò tirẹ̀ ṣe ní 2010 kan náà, àwọn tí àìsàn náà kò tíì ju wákàtí 4 lọ lára wọn ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbé lọ síbi pàtàkì. Àwọn olùwádìí tó fi ìlú méjèèjì wéra rí i pé ikú láàárín 90 ọjọ́ dínkù ní London ju bó ṣe dínkù ní àwọn apá England yòókù lọ, ṣùgbọ́n wọn kò rí irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ ní Manchester.

Àléébù rẹ̀ ni pé ẹni tó pe 999, nọ́ńbà pàjáwìrì, nìkan ló ń jẹ àǹfààní rẹ̀ tààrà. Ọkọ mi ti mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà. Ká ní mo gbà fún un ni, ilé ìwòsàn ìtòsí yẹn la ò bá gbé Màmá lọ, wọn ì bá sì tún ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣètò bí wọn yóò ṣe gbé wọn lọ sí ibòmíràn. Ibi tí wọ́n gbé wọn lọ jìnnà sí wa lóòótọ́, àmọ́ ètò náà ní kí aláìsàn padà sítòsí ilé lẹ́yìn nǹkan bíi wákàtí 72.

Ìbéèrè kan ni àwọn òṣìṣẹ́ áḿbúláǹsì tẹnu mọ́ jù lọ: ìgbà wo la rí Màmá kẹ́yìn tí ara wọn dá ṣáṣá? Mo mọ̀ ọ́n. Aago méje ni wọ́n gba ẹ̀kọ lọ́wọ́ mi, ọwọ́ méjèèjì ni wọ́n sì fi gbà á.