Gèéjì Ìfúnpá Tọ́bò fún Ẹ́ńjìnnì Dísẹ́ẹ̀lì: Bí Mo Ṣe Rí I Lẹ́yìn Tí Mo Lò Ó

Gèéjì tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ yìí ni wọ́n fi ń wọn ìfúnpá afẹ́fẹ́ tí tọ́bò ń tì sínú ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì. Ọjà Ládípò ní Mushin ni mo ti rà á. Kò sí orúkọ ilé-iṣẹ́ kankan lára rẹ̀, irú rẹ̀ sì pọ̀ lórí àtẹ àwọn tó ń ta irinṣẹ́ mẹkáníìkì. Gèéjì alábẹ́rẹ́ kan ló wà nínú páálí rẹ̀, pẹ̀lú rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́, ìsopọ̀ onídẹ ẹlẹ́nu mẹ́ta àti kílíìpù díẹ̀. Kò nílò bátìrì rárá, nítorí pé afẹ́fẹ́ tó bá gba inú rọ́bà náà wọlé ló ń ti abẹ́rẹ́ rẹ̀.

Ọkọ̀ tí mo fi dán an wò ni Mitsubishi L200 tó ń lo ẹ́ńjìnnì 4D56, ìyẹn ẹ́ńjìnnì lítà 2.5 onísílíńdà mẹ́rin. Nígbàkígbà tó bá ń gun òkè, èéfín dúdú máa ń jáde ní sàlẹ́ńsà rẹ̀, agbára rẹ̀ sì ti dínkù. Ohun tí irú èéfín bẹ́ẹ̀ ń sọ ni pé epo tó ń wọlé ti pọ̀ ju afẹ́fẹ́ tó yẹ kó bá a jóná lọ. Ní ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ṣe, sípánà ni wọ́n máa kọ́kọ́ mú, tí wọ́n á sì yí nọ́ọ̀tì ọ̀pá actuator (ohun tó ń ṣàkóso ìfúnpá tọ́bò) tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tọ́bò láìwọn ohunkóhun. Mo tako àṣà yìí pátápátá.

Iṣẹ́ ọ̀pá yẹn ṣe pàtàkì. Nígbà tí ìfúnpá bá dé ìwọ̀n tí wọ́n fẹ́, afẹ́fẹ́ yóò ti awọ tó wà nínú actuator, awọ náà yóò ti ọ̀pá, ọ̀pá yóò sì ṣí ilẹ̀kùn kékeré tí wọ́n ń pè ní wastegate, kí apá kan nínú èéfín gbígbóná lè yà lọ láìgba ara àjẹ̀ tọ́bò, ìyẹn abẹ̀bẹ̀ tí èéfín ń yí. Bí ẹ bá dín gígùn ọ̀pá náà kù, ilẹ̀kùn yóò pẹ́ kó tó ṣí, ìfúnpá yóò sì ga sí i. Bí ẹ bá fà á gùn, yóò tètè ṣí, ìfúnpá yóò sì wálẹ̀. Àjẹ̀ tọ́bò kékeré lè yí ju ìgbà 100,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Ẹni tó bá fi ojú lásán yí nọ́ọ̀tì náà lè tì í kọjá ibi tí bẹ́árìn rẹ̀ lè gbà.

Ibi tí gèéjì yìí ti sanwó ara rẹ̀ ni pé a lè so ó mọ́ ibi méjì. A kọ́kọ́ fi ìsopọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́ta gé họ́ọ̀sì tó ti tọ́bò lọ sí actuator. Lẹ́yìn náà a gbé e lọ sí ẹnu ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì, lẹ́yìn intercooler, ìyẹn ohun tó ń mú afẹ́fẹ́ tó ti tọ́bò wá tutù. Ẹ́ńjìnnì ti gbóná dáadáa kí a tó jáde. Kò sí àǹfààní nínú kí ẹ dúró sójú kan kí ẹ máa fi ẹ́ńjìnnì pariwo, nítorí pé tọ́bò kì í mú ìfúnpá gidi wá láìsí ẹrù tó ń ti ẹ́ńjìnnì. Jíà kẹta la fi gun òkè kan lọ́nà Ẹ̀fọ̀n-Aláayè. Awakọ̀ tẹ tọ́tùù dé ilẹ̀, ojú ọ̀nà nìkan ló sì ń wò, èmi ni mo ń ka gèéjì. Abẹ́rẹ́ dé 0.7 bar (bar ni wọ́n fi ń ka ìfúnpá) lọ́dọ̀ tọ́bò, ṣùgbọ́n 0.5 péré ló kà lẹ́nu ọ̀nà ẹ́ńjìnnì.

Tọ́bò ń ṣiṣẹ́ rẹ̀. Láàárín tọ́bò àti ẹ́ńjìnnì ni afẹ́fẹ́ ti ń sọnù. A pa ẹ́ńjìnnì, a dí ẹnu ọ̀nà afẹ́fẹ́, a gba afẹ́fẹ́ díẹ̀ lọ́dọ̀ fọ́kànáísà láìjẹ́ kó dé 1 bar, a sì fi omi ọṣẹ pa gbogbo ojú ìsopọ̀. Ọṣẹ hó ní ìdí họ́ọ̀sì intercooler. Kílíìpù tuntun kan ló yanjú rẹ̀. Ìkà méjèèjì wá fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, èéfín dúdú náà sì lọ. A kò fọwọ́ kan nọ́ọ̀tì actuator rárá.

Ṣùgbọ́n ọjà yìí ní àléébù. Kílíìpù tó bá a wá kò lágbára, rọ́bà rẹ̀ kúrú, ó sì máa ń rọ̀ bí ó bá sún mọ́ tọ́bò gbígbóná, kò sì sí ohun tó ń dín ìgbọ̀n abẹ́rẹ́ kù nínú rẹ̀, nítorí náà abẹ́rẹ́ máa ń gbọ̀n títí ojú yóò fi rẹ ẹni tó ń kà á. Ẹ ra rọ́bà tó dára sí i lọ́tọ̀. Ìwé ìtọ́nisọ́nà kò sí nínú páálí, èyí sì dùn mí, nítorí pé olùlò tuntun kò ní mọ̀ pé òdo ni gèéjì yìí máa ń kà nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá kú, nígbà tí sìkánà (ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ka ohun tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ń sọ) lè máa kà nǹkan bíi 1 bar ní ipò kan náà torí pé ó ka afẹ́fẹ́ ayé mọ́ ọn. Ohun tó dára ni pé bar àti psi wà lójú rẹ̀ pọ̀. Bar 1 jẹ́ psi 14.5.

Bí ìwọ̀n bá fi hàn pé ọ̀pá gan-an ló nílò àtúnṣe, ẹ yí i níwọ̀nba, ẹ padà lọ wọ̀n ọ́n lójú òkè, ẹ má sì kọjá iye tó wà nínú ìwé ẹ́ńjìnnì yín. Kí a fi afẹ́fẹ́ kún un láìfi epo kún un kì í mú agbára púpọ̀ wá. Fún àwọn ọkọ̀ tí kọ̀ǹpútà ń darí tọ́bò wọn, bíi àwọn Hilux D-4D kan, gèéjì yìí lè jẹ́rìí sí ohun tí sìkánà sọ, ṣùgbọ́n kò sí nọ́ọ̀tì tí ẹ ó fi ìkà rẹ̀ yí. Ẹni tó ń lo ẹ́ńjìnnì àtijọ́ tó ní wastegate ni mo gbà níyànjú láti rà á.