Sàdíìnì, Geisha àbí kọ́ọ̀nbíìfù: èwo lẹ fẹ́ rà?

Ẹni tó bá fẹ́ adùn ẹja tútù, kó gba ọjà lọ. Adùn tinú agolo, ọ̀tọ̀ ni. Lẹ́yìn tí wọ́n bá dé agolo pa ni wọ́n ń sè é, nínú ooru tó ju ti omi híhó lọ. Òun ló ń jẹ́ kí egungun rọ̀ débi pé ẹ máa jẹ ẹ́ mọ́ ẹja láìmọ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹni tí ẹja kún fìríìsà rẹ̀ ṣì máa ń ra sàdíìnì.

Agolo sàdíìnì tó wọ́pọ̀ jẹ́ gíráàmù 125, tòróró tẹja. Ẹ wo ara rẹ̀ fún ìwọ̀n ẹja nìkan kẹ́ ẹ tó fi owó méjì wéra. Tẹ́ ẹ bá rà á tán, ẹ má da òróró náà nù: òun ni kẹ́ ẹ fi din àlùbọ́sà àti ata rodo, kí ẹja wọlé kẹ́yìn. Búrẹ́dì Agége ló bá a mu jù. Tó bá jẹ́ Indomie, agolo kan tó fún ọ̀rá gíráàmù 70 méjì, ṣùgbọ́n èròjà ọ̀rá kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ dà sí i. Iyọ̀ ti wà lára ẹja.

Ẹja tí àwọn ẹlẹ́ja yìnyín ń pè ní Titus kọ́ ló wà nínú agolo Titus o. Sàdíìnì ló wà níbẹ̀. Inú agolo Geisha lẹ ti máa bá irú ẹja Titus tàwọn ẹlẹ́ja yìnyín, nínú tòmátì.

Geisha jẹ́ gíráàmù 155. Ọbẹ̀ ìrẹsì àti ti iṣu ni tirẹ̀. Lórí búrẹ́dì, omi rẹ̀ á mú kí gbogbo rẹ̀ rin gbindin. Ẹ má yí i sínú òróró gbígbóná, omi tòmátì rẹ̀ á ta sí yín lára. Ẹ din ata títí òróró á fi léfòó, kẹ́ ẹ wá dà á sí i ní ìṣẹ́jú 5 tó kẹ́yìn. Ẹ mi ìkòkò, ẹ má fi ṣíbí rò ó: ó ti jinná tẹ́lẹ̀, ẹ bá rò ó lẹ́ẹ̀mejì, ó di àsáró.

Kọ́ọ̀nbíìfù ló wọ́n jù. Agolo gíráàmù 340 tó èèyàn mẹ́rin. Ẹ gbé e sínú fíríìjì fún wákàtí méjì kẹ́ ẹ tó ṣí i, kí ọ̀rá rẹ̀ le, ẹ ó lè gé e bíi búrẹ́dì. Tó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, á fọ́ wẹ́wẹ́, ọbẹ̀ ló kù tó yẹ fún. Tó bá jẹ́ oníkọ́kọ́rọ́, ẹ yí i gbọọrọ. Tó bá wọ́, irin rẹ̀ á já, etí rẹ̀ sì mú bí abẹ.

Nínú ṣọ́ọ̀bù, ẹ fi àtàǹpàkò tẹ orí àti ìdí agolo. Èyí tó wú, tàbí tó ń rì tó ń padà, ẹ fi í sílẹ̀, bí wọ́n tilẹ̀ dín owó rẹ̀ kù. Ẹ̀gbẹ́ tó tẹ̀ díẹ̀ kò burú; tó bá jẹ́ ojú ìsopọ̀ ló tẹ̀, ẹ má rà á. Ẹni tó ń dá gbé, tí kò ní fíríìjì, kó fi kọ́ọ̀nbíìfù sílẹ̀: kò ní jẹ ẹ́ tán kó tó bàjẹ́.